Nọ́ńbà Tí Kànrìnkàn Jẹ

Iṣẹ́ Ọmọ́ṣọlá Adétòkunbọ̀ ni láti máa fọ àfọ́kù ọkọ̀ òfurufú. Àwọn ọkọ̀ ológun Sófíẹ́ẹ̀tì tó já sínú adágún ní Nọ́wè nígbà Ogun Hítílà ni wọ́n ń fà jáde, tí wọ́n ń kó wá sí ilé iṣẹ́ kan ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìdọ̀tí bá kúrò, nọ́ńbà á yọ. Nọ́ńbà ló ń sọ ọkọ̀ tó jẹ́, ọkọ̀ ló sì ń sọ ẹni tó kú sínú rẹ̀.

Ṣágámù ni wọ́n bí i sí. Ó ti ta bàtà ní ilé ìtajà Vicarage Field kó tó dé ìdí irin. Nílé ìyá rẹ̀, ìkòkò tí kò bá dán títí dé ìdí kì í wọlé. Àṣà yìí ló kó bá a. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé apá kan ìrù ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kó tó ronú, ó ti fi kànrìnkàn irin gbo ó. Ọ̀dà yẹ́lò ń bá ọṣẹ lọ. 7 nìkan ló kù. Èyí tó ṣíwájú rẹ̀ ti wábi gbà.

Ó sáré sọ fún Seth, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Seth rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, relax. Áígúlì, oníbàárà wa ní Kasakísítàánì, ń wá ọkọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ láti rà. 17 ni. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ rí 1 kó tó parẹ́."

"Mi ò rí 1."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Obìnrin yẹn fẹ́ sin irin yìí dípò òkú bàbá bàbá rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ṣé kí ẹni yẹn tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́ nù o, Àǹtí."

Kò pẹ́ tí Seth fi lé e kúrò níbi iṣẹ́.

Èmi akọ̀ròyìn tó sọ ìtàn yìí fún ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ẹni tí wọ́n lé kì í ṣaláìní ìtàn. Mo yí ìbéèrè po títí: ṣé ẹ rí 1, ṣé ẹ rí 4? "Mi ò mọ̀" ló tẹnu mọ́. Òpùrọ́ ì bá ti fún mi ní nọ́ńbà kan.

Mo wá Áígúlì kàn lórí fóònù. Ó fi àwòrán tí Seth fi ránṣẹ́ sí i hàn wá: 17 gàdàgbà, 1 rẹ̀ ń dán ju 7 lọ. Mo pe Seth.

"Àtúnṣe la ṣe sí i," ó ní.

Àtúnṣe wo? Ta ló fún un láṣẹ láti yan òkú fún olóòkú?

Mo tún pe Áígúlì, Ọmọ́ṣọlá sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, èmi ni mo ṣèèṣì fọ̀ ọ́ nù. Seth ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ 1 sí i. Má rà á."

Áígúlì béèrè pé: "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà?"

"Ó ṣì wà nínú adágún. Gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sára ìyẹn. Kànrìnkàn ò lè jẹ ẹ́."

"Màá dúró dè é nígbà náà," Áígúlì ní.