Bẹ́ǹṣì Ẹnu Ọgbà

Bàbá Jókòó-ná ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ó ku òun àti akọ màlúù pupa kan tó ti lọ́jọ́ lórí.

Gbogbo àwa tá a ní abo màlúù kan tàbí méjì ládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń fà á lọ tó bá ti ń wá akọ. Kì í gba kọ́bọ̀. Á fọwọ́ nu bẹ́ǹṣì ẹnu ọgbà, á ní, "Jókòó ná." O ò sì ní lọ títí tó o fi máa ròyìn gbogbo ilé rẹ tán. Èmi máa ń kùn. Aránṣọ ni mí, iṣẹ́ ń dúró dè mí, Bàbá á ṣì máa béèrè bóyá ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ti parí ìjà.

Lọ́dún tó kọjá, èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Màlúù tí akọ gùn, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ti padà dé. Tèmi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ti oníbúrẹ́dì tiẹ̀ lóyún, oyún náà sì ṣẹ́ lóṣù karùn-ún. Bàbá bá tún kan bẹ́ǹṣì kejì mọ́ ọn.

Oníbúrẹ́dì ló lọ pe dókítà ẹranko. Dókítà obìnrin náà fi omi ṣan abẹ́ akọ màlúù, ó gba omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà, ó ní kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Kòkòrò náà kì í pa akọ fúnra rẹ̀ lára, ó ń jẹ, ó ń sanra. Àwọn abo tó bá gùn ló ń kó o, oyún wọn kì í sì í dúró. Ó ní akọ àgbà tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, odò ẹran ló kù fún un. Ó wá béèrè àwọn tó ti mú màlúù wá.

Bàbá nìkan ló mọ̀ wá tán. Bó bá dákẹ́, á ra akọ mìíràn, bẹ́ǹṣì á tún kún. Bó bá sọ ọ́, ta ló tún máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹsẹ̀ ló fi rin ilé àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tá a mú màlúù wá. Tèmi ló ṣe kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di fìlà mú.

"Aránṣọ, akọ mi ló kó àrùn ran màlúù rẹ. Má fà á lọ sọ́dọ̀ akọ kankan o. Dókítà ń bọ̀ wá wò ó."

Inú bí mi gan-an. "Bàbá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo fura ni." Ó wolẹ̀. "Láti ìgbà kejì tó o padà wá. Màlúù tó bá ti lóyún kì í padà wá, ta ni ò mọ̀yẹn? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ẹ lọ́ọ̀ọ́kán, inú mi dùn."

Ì bá parọ́, mi ò ní mọ̀. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó dúró díẹ̀, ó dágbére, ó lọ.

Màlúù mi ti lóyún báyìí, akọ ibòmíràn ló gùn ún. Tí mo bá ń kọjá láàárọ̀, mo máa ń rí Bàbá tó ń nu bẹ́ǹṣì méjèèjì. Mo ti béèrè káàkiri: nínú ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò ní kó jókòó.