Ìbọ̀sẹ̀ Aró nínú Bàsíà Fadá

Láyé ìgbà náà, kò sí ilẹ̀kùn kan ní Ṣàpọ́n tó tún jẹ́ ké mọ́ tí èmi káfíńtà bá ti fọwọ́ kàn án. Ìwé kejì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ta ló kàn bẹ́ǹṣì tuntun fún ìjọ Àgùdà wa lọ́fẹ̀ẹ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi mọ́ àwọn ọkùnrin méjìlá tí Fadá òyìbó máa wẹ ẹsẹ̀ wọn ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́.

Olùkọ́ ìjọ ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà lókè òkun, ní ọpọ́n òkúta nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, kí ìgbéraga lè bómi lọ. Èmi ò gbọ́ ti ìgbéraga. Ohun tí mo gbọ́ ni pé òyìbó máa kúnlẹ̀ fún mi.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ló ti sọ pé àbúrò òun ń lọ sílé ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀. Láti ìgbà náà, kò mu omi wa rí. Mo fẹ́ kó wá wo ẹsẹ̀ ẹrẹ̀ ọ̀hún.

Ìbọ̀sẹ̀ mi funfun ti pọ́n, ìyàwó mi sì jẹ́ aláró. Mo ní kó rì í sínú ìkòkò.

"Baálé mi, kò tíì gbẹ, mi ò sì tíì ṣàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà lásán."

"Aró ilé mi ló máa dójú tì mí?"

"Aró ò mọ onílé o."

Mo wọ̀ ọ́, mo sì fi yan láti Òwu dé ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn.

Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Háà! Ẹsẹ̀ mi dúdú mìnìjọ̀ bí aṣọ ẹtù. Fadá wo ẹsẹ̀, ó wo ojú mi, ó da omi. Bàsíà di ìkòkò aró. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ọwọ́ tirẹ̀ náà ń dúdú. Àgbà alápatà tó jókòó tẹ̀lé mi ká ẹsẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Fadá, tèmi mọ́. Ẹ fò mí."

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ aró yẹn náà ni Fadá fi gbé àgbélébùú sókè. Gbogbo ìjọ yíjú wò mí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ yẹn, àna mi ti rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Níta, ó dì mọ́ mi.

"Àna mi, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹsẹ̀ ẹrẹ̀ kọ́. Ẹsẹ̀ aró ni!"

Ó tẹ̀ lé wa délé, ó jókòó sórí àga mi, ó béèrè omi. Ìyàwó mi gbé e wá.

Ó kọ́kọ́ wo inú ife náà dáadáa kó tó mu ún.