Kebonang Ọkọ Ìkòkò

Bí ènìyàn bá kú ní Moshupa, ìlú wa, ẹni tó kọ́kọ́ ń dé kì í ṣe àlùfáà. Kebonang ni, àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pẹ̀lú igi ìgúnran lórí èjìká. Á kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, á fajú ro díẹ̀, á wá béèrè pé, "Màlúù wo lẹ fẹ́ pa?"

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló ń se seswaa níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó. Ìta gbangba la ti ń sè é, nínú ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹran, omi, iyọ̀, ó parí. Tó bá rọ̀ tán, a ó gún un títí á fi já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi rò pé kò sí ọkùnrin tí kò lè ṣe é, àfìgbà tí mo bá Kebonang dúró ti ìkòkò. Ọkùnrin yìí máa ń tẹ́tí sí ẹran. Á tẹ orí sílẹ̀, á dijú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì jinná, ó ṣì ń kùn." Inú á bí mi gan-an, torí ebi á ti máa pa mí. Àmọ́ tóo bá fi ẹran náà kan ẹnu, wàá gbàgbé ẹni tó kú.

Ó ń mọ bíríkì láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn? Ọkọ Ìkòkò ni gbogbo ìlú ń pè é. Níbi òkú ló ti rí Seabelo, tó ń rán aṣọ iléèwé. Ó lọ bá ọmọ ọlọ́mọ níbi tó ti ń jẹun, ó ní, "Àǹtí, ẹ rọra jẹ ẹ́. Ẹran yẹn ò ṣẹ̀ yín." Seabelo bú sẹ́rìn-ín níwájú pósí, ìyá rẹ̀ sì já a ní èékánná.

Nígbà tí ìgbéyàwó wọn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹbí pàdé, a ní ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ dé ìdí ìkòkò. Bakang àbúrò rẹ̀ ni a gbé igi fún. Bakang yìí ló ti fi àlùbọ́sà sínú seswaa rí. Láti ìgbà tí a gbin ọkà títí a fi kórè rẹ̀, Kebonang ò bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n wá ní kí n mú ọkọ ìyàwó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ burúkú ni wọ́n bẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kọjú sí dígí kí n so táì mi. Kí n tó wẹ̀yìn, Kebonang ti lọ. Ìdí ìkòkò ni mo ti bá a, tòun ti kóòtù ìgbéyàwó, ó ń gún ẹran.

"Kebonang, kí lò ń ṣe?"

"Mo kàn yọjú ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹni tó yọjú ló ń làágùn báyìí?"

"Ẹ wo iná tí Bakang dá. Ẹ jẹ́ n gún eléyìí tán."

Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti dún. Ibẹ̀ la wà tí Rra Ditsele, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó, fi já dé. Òun ló fi Seabelo fún wa, òun náà ló sì lè gbà á padà. Ó wo kóòtù, ó wo ìkòkò.

"Ṣé ẹran lẹ wá fẹ́ ni?" ló ní. "Kò burú. A ó dá màlúù ìdána yín padà, ẹ fi fẹ́ ìkòkò yín."

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo ń bẹ̀ ẹ́. Omi ti lé rorò sójú Kebonang, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára igi.

"Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín," ló ní. "Ẹ ṣáà ní sùúrù díẹ̀. Tí mo bá fi ẹran yìí sílẹ̀ báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Bàbá yí padà kó máa lọ. Ni Seabelo alára bá dé, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè nítorí eérú. Kò jà. Ó yọjú wo inú ìkòkò, ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Kebonang, ta ló máa gún ẹran lọ́jọ́ tí ìwọ bá kú?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó wo Bakang tó dúró ti iná, ó rọra ní, "Bakang á fi àlùbọ́sà sí i."

"Á jẹ́ pé wàá kọ́ ọ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣòní. Tòní, fi í sílẹ̀ fún un."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó tú. Ó gbé igi lé Bakang lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fúnni, ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀. Èmi di ọrùn rẹ̀ mú títí dé ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí a padà dé, àwo àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ bù. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì le kókó-kókó. Kebonang bu òkèlè. Gbogbo wa ń wò ó lẹ́nu, nítorí ọkùnrin yìí ti sọ ọ́ lójú ọba rí pé ẹran ààfin kò jinná. Bakang dúró lẹ́yìn ìkòkò. Kebonang jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Bakang," ló ní, "ó dáa."

Omi dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Seabelo bu omi fún un, ó sì mu ún tán pátá. Àlùfáà ti so wọ́n pọ̀ láàárọ̀, àmọ́ ìdí oúnjẹ yẹn lèmi ti gbà pé Kebonang ti gbéyàwó.