Ìbéèrè tí Kọ̀ǹpútà Ń Bi Mọ́mì

Ìka kan ṣoṣo ni Mọ́mì tí tábìlì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Oṣooṣù la gbọ́dọ̀ yí páásíwọ́ọ̀dù padà nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. Oṣooṣù náà ni Mọ́mì ń gbàgbé èyí tuntun. Wọ́n á bọ́ awò ojú, wọ́n á mí kanlẹ̀: "Àgádágodo tó ti onílé mọ́ ìta, ta ló ń bá ṣọ́lé?" Kọ̀ǹpútà á wá béèrè orúkọ àkọ́bí wọn kó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Nígbà tó sú mi, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n kọ páásíwọ́ọ̀dù yín sínú ìwé fún yín."

Wọ́n rọra gba bíírò lọ́wọ́ mi. "Fi sílẹ̀. Látìgbà tí ọmọ yẹn ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló ṣì ń béèrè rẹ̀."