Ẹni Tí Kò Wá Sábẹ́ Ẹní

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sieni, opó tó múlé tì mí, ti ń ṣe pani popo, búrẹ́dì olómi àgbọn, ní abúlé wa nílẹ̀ Samoa. Òun ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ rí tí inú run ún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, Pelenato ará abúlé kejì kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé búrẹ́dì Sieni fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ kan. Irọ́ ni: máńgòrò tí kò tíì pọ́n lọmọ náà jẹ ní àjẹjù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, rédíò ti kà á nínú ìròyìn. "A gbọ́ pé." Ta ni wọ́n bi? Wọn ò bi ìyá ọmọ, wọn ò bi Sieni tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi náà tí mò ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sáwọn ìyá ìjọ. Ọlọ́run rí mi.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ búrẹ́dì Sieni.

Ní ìdájí Fráídè, a bá Pelenato àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ìjókòó níwájú ilé Sieni, wọ́n fi ẹní àtàtà bo Pelenato lórí. Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ló lè ṣí ẹní náà.

Sieni jáde, ó wò wọ́n yíká. "Onírédíò ńkọ́?"

"Mama, ó ní ohun tí mo kọ lòun kà," ni Pelenato wí lábẹ́ ẹní.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ lánàá nígbà tí wọ́n bi ọ́ léèrè?"

"Mo ní rédíò kúkú kà á, ṣé wọ́n máa ka irọ́ ni?"

"O káre. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń ṣe ẹlẹ́rìí ara yín."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Onírédíò ti tún un ṣe lórí afẹ́fẹ́, ìyá."

"Mo gbọ́ ọ. Láàárín orin méjì, bí ẹni tó sín."

Ó padà wọlé. Oòrùn mú. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ wọ abẹ́ ẹní.

"Mama, kí ni tiyín níbí?" ni Pelenato bi mí.

"Dákẹ́. Ìyá ìjọ méjìlélógún ni mo fi ránṣẹ́ sí."

Sieni gbọ́. Ó jáde, ó ṣí ẹní lórí wa, ó gbé àwo búrẹ́dì lé wa lọ́wọ́. "Mo ti dárí jì yín. Gbogbo ilé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹnu ọ̀nà wọn lẹ ti máa jẹ ẹ́. Ilé iṣẹ́ rédíò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tá a débẹ̀, onírédíò ní òun ò ráyè, ìròyìn ọ̀sán ti kù díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. A jókòó síbẹ̀, a ń jẹ búrẹ́dì. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni mo ń sọ fún pé àwa tí a pa irọ́ náà rèé, ẹni tó kà á ń bẹ nínú ilé.