Yanrìn Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Òórùn ẹrẹ̀ àbàtà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ìletò wa, kí ojú tó rí ilé kankan. Ẹrẹ̀ dúdú tí ewé ti ń jẹrà sínú rẹ̀ láti ayébáyé, tí èéfín ẹja yíyan láti etí ọ̀sà tún wá dà lé e lórí. Bí káfíńtà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ igi lórí afárá, wàá gbóòórùn pákó tútù mọ́ ọn. Bí o bá ń ti Ìkòròdú bọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí o yà sí ọwọ́ ọ̀sà lápá Èjìnrìn, tí o tẹ̀ lé ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa títí tó fi tán, àbàtà yẹn ni yóò dá ẹ dúró. Ìletò wa wà lódìkejì rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ọ̀pá ni wọ́n fi ń kọjá. Ìgbà tí ọ̀kadà dé ni àwọn àgbà fi pákó ṣe afárá gígùn kan lé àbàtà lórí, wọ́n fi ọ̀pá ìdábùú dí ẹnu rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá máa kọjá, á san owó ibodè. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra pákó àti ìṣó, nítorí àbàtà kì í jẹ́ kí igi pẹ́.

Èmi ni oníbodè. Mi ò ní pọ́n ara mi lé ju bó ṣe yẹ lọ: kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n nínú àwa ọ̀dọ́ tó ṣì kù nílé nígbà yẹn, ìwé tèmi ló ṣeé kà. Baálẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kan, ó fún mi ní ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le àti bírò kan. Ó ní, “Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ èèyàn bọ́ sórí ọ̀nà yìí, kọ ọ́ sílẹ̀. Owó o, igi o, òógùn o.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ òógùn?”

Òun ò rẹ́rìn-ín. “Wàá mọ̀ ọ́n kọ.”

Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn, kí n má purọ́. Mo ní àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ kan lẹ́nu afárá, mo ní rédíò kékeré, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, àárín afárá nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn ló máa lọ dúró síbẹ̀, tó máa na ọrùn bíi lékeléke, tó máa pariwo bí ẹni pé odò ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jókòó ni mo mọ ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà n'Íbàdàn, àti ẹni tó ń sọ pé òun ti wọ Ìkòròdú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí pákó wa. Àwọn ọlọ́kadà sọ mí ní Kọ́sítọ́ọ̀mù. “Kọ́sítọ́ọ̀mù àbàtà! Ṣé kí n sọ ẹrù kalẹ̀, àbí ìyàwó tí mo gbé sẹ́yìn náà ń sanwó?” Èmi náà á ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin náà á sì bú àwa méjèèjì pa pọ̀.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kì í lówó lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ìgbà tí wọ́n bá ta ẹja tán lówó ń dé. Nítorí náà, yanrìn ni wọ́n fi ń san owó ibodè tiwọn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ ru ọpọ́n yanrìn kan láti etí ọ̀sà, á dà á sójú ọ̀nà tó ti ìsàlẹ̀ wá sí ẹnu afárá, kó tó padà lọ ru ẹja rẹ̀. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn ló burú jù nílé wa. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á mu èèyàn dé orúnkún, ẹrù ẹja a sì máa já bọ́ lórí àwọn aláboyún. Yanrìn àwọn obìnrin, ọpọ́n kan lẹ́yìn òmíràn, ló sọ ọ́ di ibi tó ṣeé tẹ̀.

Àgbàlagbà kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ta ẹja. Ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó bá ti da yanrìn rẹ̀ tán, á gbọn ọpọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á wá dúró síwájú mi.

“Ọkọ mi, ṣé o ti kọ tèmi?”

“Mo ti kọ ọ́, Ìyá.”

“Kọ ọ́ kó sanra o. Má kọ ọ́ tín-ín-rín bí apá ẹ.”

Oṣù àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ lóòótọ́: orúkọ, ọjọ́, iye ọpọ́n. Nígbà tó yá ó sú mi. Àwọn obìnrin náà ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kadà á ti máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn, àwọn ọlọ́kadà á ní, “Kọ́sítọ́ọ̀mù, o ti wá di akọ̀wé yanrìn!” Èmi náà wá ń rò ó pé kí ni wọ́n ń pè ní yanrìn gan-an? Ṣebí ọ̀sà kún fún un. Mo ń kọ owó, mo ń kọ pákó, mo ń kọ ìṣó. Yanrìn, mo fò ó. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Bó bá dúró síwájú mi, màá ṣí ojú ewé ẹ̀yìn, màá máa fa ìlà, tàbí kí n máa kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò mọ̀wé kà. Á wo ọwọ́ mi títí bírò á fi dúró, á mi orí, á máa lọ. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin ẹnjiníà kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó fi jíìpù rẹ̀ sílẹ̀ lódìkejì, ó fẹsẹ̀ rin afárá wa, ó rin ọ̀nà ìsàlẹ̀ dé etí omi, ó sì padà wá jókòó sí àgbàlá Baálẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, kí wọ́n fi kọnkéré ṣe afárá, kí wọ́n sì gbé ọ̀dà náà lọ dé etí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi á ti máa gbé èrò lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ó ní ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ sílẹ̀.

Baálẹ̀ ní, “Ọmọ mi, ibo la ti fẹ́ rí i?”

“Bàbá, mi ò ní kí ẹ mówó wá. Ẹ ti ń gba owó ibodè, ẹ sì ń fi tún ọ̀nà ṣe. Iṣẹ́ tí ibodè yín ti ṣe sílẹ̀ la máa kà sí ìpín yín. Pákó àti ìṣó á dúró fún afárá. Yanrìn tí àwọn ìyá ń dà, á dúró fún ọ̀nà etí ọ̀sà. Ìwé yín dà?”

Ìyá Ẹlẹ́ja ti dìde, ó ń fi èjìká jó. “Ẹ ò gbọ́? Yanrìn wa ti dówó! Ọkọ mi, gbé ìwé wá!”

Mo lọ gbé e wá, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni tó ru yanrìn fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà náà ka apá ti pákó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó pé. Ó wá apá ti yanrìn. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó dé ojú ewé àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó wò mí. Ó wá ní, “Yanrìn oṣù kan péré ni mo rí níbí.”

Mo ní, “Ìyókù wà nínú ìwé kejì. Ìwé kejì bọ́ sínú àbàtà nígbà òjò.” Bó ṣe yọ́ jáde lẹ́nu mi nìyẹn, bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́.

Ó mí kanlẹ̀. “Bàbá, mo tẹ yanrìn náà lónìí, mo mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́fíìsì ò lè tẹ̀ ẹ́, ìwé ni wọ́n ń rí. Mo wà ní Ẹ̀pẹ́ títí ọ̀la. Tí ẹ bá rí ìwé yẹn, kódà kó ti rin, ẹ gbé e wá.”

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Mo padà sí àtíbàbà mi, mo ṣí rédíò. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti ṣán ìró mọ́ itan, wọ́n ru àwọ̀n tí àwọn ọkọ wọn fi ń pẹja, Ìyá Ẹlẹ́ja ló ṣíwájú.

“Ọkọ mi, ibo gan-an ló bọ́ sí? Nawọ́ sí i.”

Mo nawọ́. Títí dòní, bí mo bá wo ọwọ́ yìí, mo máa ń rántí pé mo nà án.

Wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ náà dé ìgbáròkó, wọ́n ń wọ́ àwọ̀n bí ẹni tó ń wá ẹja. Wọ́n rí bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n rí agolo, wọ́n rí abọ́ tánganran tí ẹnìkan ní ìyàwó ọmọ òun ló jí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìṣó àtijọ́ gún ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀, ó fa èèpo igi dì í, ó padà wọlé. Oòrùn gòkè. Ẹ̀rín dín kù. Ọ̀kan nínú wọn nàró, ó ní, “Ṣé ó dá wa lójú pé ọmọ yìí kọ nǹkan kan báyìí?”

Ìyá Ẹlẹ́ja ò tiẹ̀ gbé orí sókè. “Ó kọ ọ́. Ojú mi ló ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wá a dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé. Mo jáde sórí pákó, mo ní, “Ìyá, ẹ máa jáde bọ̀. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀.”

“Kí lo wí?”

“Mi ò kọ ọ́. Láti ọdún méjì, mi ò kọ yanrìn yín.”

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá dùn mọ́ mi tí wọ́n bá bú mi. Ìyá Ẹlẹ́ja jáde, ó fara balẹ̀ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára àwọ̀n, ó ká a dáadáa, ó wá dúró síbi tó máa ń dúró sí.

“Tí mo bá dúró síbí, kí ni bírò máa ń ṣe?”

“Ìlà ló ń fà, mà.”

“Ìlà,” ló wí. Ó wo pẹpẹ mi, ó wo rédíò. “Oníbodè, ṣí ọ̀nà.” Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ọ̀pá sókè, wọ́n sì ti orí pákó kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi ń kán lára wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ẹnjiníà náà ní Ẹ̀pẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ó ṣeun, pé mo sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò ní ọjọ́ lórí, òun ò lè gbé e wọ ọ́fíìsì. Ọ̀dà dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìgbà yẹn, afárá kọnkéré náà dé. Ẹ̀yìn afárá gan-an ni ọ̀dà ti dúró, gbọn-ọn-ran, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ìlú míì ni wọ́n lọ kọ́ èbúté sí. Àwọn obìnrin wa ṣì ń ru ẹja gba ìsàlẹ̀, wọ́n á sì dúró fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun ọ̀dà.

Kò sí ibodè mọ́, iṣẹ́ mi náà tán. Kí n tó kó wá sí Ìgbògbò, gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo fi ń ru yanrìn pẹ̀lú wọn. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí Ìyá Ẹlẹ́ja tó bá mi sọ̀rọ̀, ó ní, “Kòtò ọ̀hún yẹn ló jìn jù, dà á síbẹ̀.” Ìdáríjì tí mo rí gbà kò ju ìyẹn lọ, mi ò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀.

Ní ilé tí mo rẹ́ǹtì báyìí, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí kò mọ̀wé nínú wọn sì máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá kà á sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá tún un kà, kódà bí ẹni náà bá ní ó ti tó. Wọ́n ń sọ káàkiri àdúgbò pé mo ní sùúrù. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún: kì í ṣe sùúrù, ẹ̀rù ni. Ẹni tí kò mọ̀wé tó dúró níwájú akọ̀wé ti gbé làálàá rẹ̀ síkàáwọ́ ẹlòmíràn, kò sì sọ́nà tó lè gbà mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ọdún méjì gbáko ni obìnrin mẹ́wàá fi ọrùn ru ọ̀nà kan. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà tán. Èmi ni mo sọ ọ́ di ohun tí wọn ò ṣe rí.