Ṣúgà Tó Wà Lẹ́yìn Fàlílù

"Ààlọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà o!"

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, etí wa ti ṣí!"

Ó wọlé, kò yà sọ́dọ̀ ìjàpá, kò yà sọ́dọ̀ erin. Ẹ̀yìn Fàlílù ọmọ Alapoti ló bà lé, Fàlílù tó ń ru ẹrù nílé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Sàngó.

Ẹ̀yìn yẹn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àpò ṣúgà tí ọkùnrin méjì ń mí hẹlẹhẹlẹ gbé, òun nìkan á bẹ̀rẹ̀, wọn á gbé e lé e, ó di inú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yìn yẹn ló fi fẹ́ Àpọ́nlé, òun ló fi ń bọ́ ilé rẹ̀ ní Ilo-Awela. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Láràárọ̀, Ọ̀gá Jabez á dúró ní géètì, á máa tọ́ka: ìwọ wọlé, ìwọ máa lọ. Ẹni tó bá di ìbàdí mú, ilé ló ń lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Fàlílù ní àárẹ̀ ni. Ìrora náà sọ̀ kalẹ̀ sí itan, ó ń ta á bí iná mànàmáná, títí dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Kùdírátù alágbo, tó ń tajà lẹ́bàá géètì, wò ó bó ṣe ń rìn.

"Fàlílù, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé o kì í lá ṣúgà ṣá?"

Àwọn alárù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bi í dáadáa! Abẹ́ àpò ló ti ń lá a! Ọkọ Àpọ́nlé, eèrà ò tíì gbé ọ lọ?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ife àgbo kan mì. Láti ọjọ́ náà ló ti yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ korò, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dẹ̀. Kò mọ̀ pé ṣúgà tí òun ń lá kọ́ ló ń bá òun jà, èyí tí òun ń rù ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé, Àpọ́nlé wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ruqoyah, sílípáàsì yín kan dà?"

Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wà níhòòhò, àtẹ́lẹsẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Bàtà bọ́ lójú títì, ẹsẹ̀ kò sọ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn yín."

"Kí ni ti ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ sílípáàsì? Kí Jabez gbọ́ pé mo lọ sílé ìwòsàn? O fẹ́ ká jẹ iyanrìn?"

Ni ìgbẹ́ bá há. Kùdírátù fún un ní àgbo ìgbẹ́. Ni ìtọ̀ náà bá ń ṣe tó-tó-tó. Ó fún un ní àgbo àtọ̀sí. Àpọ́nlé ń sunkún, ọkọ ń mu àgbo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àpò wà lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún ṣẹ́ wẹ́lo. Kò kọsẹ̀, kò yọ̀. Ẹsẹ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àpò bẹ́, ṣúgà dà sílẹ̀ yàà. Ọ̀gá Jabez sáré dé.

"Ẹ kọ́kọ́ gbá ṣúgà yẹn jọ, ilẹ̀ tutù!"

Ẹ gbọ́ mi bí? Ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Nílé ìwòsàn ìjọba, Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, ẹ rò pé àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe yín. Ọ̀kan ni. Okùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni orí ń gbà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, sí ìfun, sí ilé ìtọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà dáhùn. Ohun tó rọ̀ bíi tìmùtìmù láàárín eegun ti yọ, ó ń fún iṣan tó tibẹ̀ jáde lọ́rùn. Ó yẹ kí ẹ ti wá nígbà tí ẹsẹ̀ kò mọ bàtà mọ́."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi á padà gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì na ìwé iṣẹ́ abẹ sí Àpọ́nlé kó buwọ́ lù ú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ìtọ̀ padà. Ẹsẹ̀ kò padà.

Jabez kò wá kí i. Ó ti tọ́ka sí ẹlòmíì.

"Ìyá àgbà, ta ló wá ń gbé Fàlílù jáde?"

Àpọ́nlé ni. Fàlílù ti gbẹ bí ẹja gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń pọ̀n ọ́n lọ sí balùwẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n bọ̀. Lánàá, mo rí i tó fọwọ́ ti ògiri, tó di ìbàdí mú. Ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun.

Rárá, kò sí orin nínú èyí. Ẹ má wò mí mọ́. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ na ẹ̀yìn yín gbọọrọ, ẹ sùn.